Kí ló dé tí bàálù tó ti balẹ̀ tún ń dúró? Ìtàn gbólóhùn kan tí gbogbo wa máa ń bú 🧵

1/ Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, mo ṣe fídíò kan tí mo fi páílọ́ọ̀tì kan ṣe yẹ̀yẹ́. Fídíò yẹn rìn gan-an. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gba fọ́lówà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo pa á rẹ́. Ọ̀pọ̀ yín béèrè ìdí rẹ̀ nígbà náà, mi ò dáhùn. Lónìí mo fẹ́ dáhùn. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

2/ Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti mọ́mì mi máa wọ bàálù nìyẹn, láti Àbújá wá sí Èkó. Nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la balẹ̀ n'Íkẹjà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, mọ́mì mi ní "Olúwa, a dúpẹ́." Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ lórí ilẹ̀. A rìn, a rìn, àfi bíi pé ó fẹ́ fi ilẹ̀ gbé wa dé Ìkòtún. Lójijì, ó dúró gbagidi.

3/ Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú méje. Koríko lọ́tùn-ún, koríko lósì. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa pariwo: "Ó wà o! Páílọ́ọ̀tì, já wa síbí jàre!" Gbogbo bàálù bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní bóyá epo ló tán. Ẹlòmíì ní tí wọ́n bá gbé e fún dírẹ́bà danfó Ìyànà Ìpájà, a ò bá ti délé.

4/ Èmi náà yọ fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin èèyàn mi, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dé pápákọ̀ òfurufú o. Kò sí mọ́tò níwájú, kò sí mọ́tò lẹ́yìn, ọ̀gá kàn dúró. Àbí LASTMA ló dá a dúró ni?"

5/ Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, bàálù ńlá kan sáré kọjá níwájú wa, fìrì, ariwo ẹ̀ mi fèrèsé. Kò pẹ́ sígbà yẹn, bàálù tiwa tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò sí ìkankan nínú wa tó so nǹkan méjèèjì yẹn pọ̀.

6/ Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bàbá kan tó ní òun ti ṣiṣẹ́ rí nínú ilé ìṣọ́ tí wọ́n ti ń darí bàálù kọ̀wé sí mi. Kò bú mi. Ó kàn ní: "Ọmọ mi, bàálù tó kọjá níwájú yín yẹn ni wọ́n ní kí ẹ dúró dè. Ká ní páílọ́ọ̀tì yín gbọ́ tiyín ni, fídíò yẹn ò ní délé."

7/ Mo kà á sí mọ́mì mi létí. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní: "Pa nǹkan yẹn rẹ́." Mo pa á rẹ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kà nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo rí ni pé gbólóhùn tí wọ́n fi dá wa dúró lọ́jọ́ yẹn ní ìtàn, àti pé èèyàn tó pọ̀ ló kú kí ayé tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

8/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ṣáṣà, Akówọnjọ, Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ mọ ariwo bàálù dáadáa. Pápákọ̀ Murtala Muhammed ní rọ́nwéè méjì. Rọ́nwéè ni ojú ọ̀nà gbọọrọ tí bàálù ti ń sáré kó tó gbéra, ibẹ̀ náà ló sì ń balẹ̀ sí. Ọ̀kan gùn tó mítà 3,900, èkejì tó mítà 2,743.

9/ Orúkọ wọn ni 18R àti 18L. Nọ́ńbà yẹn ní ìtumọ̀. Gúúsù ni 180 lójú kọ́ńpáàsì. Wọ́n gé òdo ẹ̀yìn kúrò, ó ku 18. Tí bàálù bá gba òdìkejì, tó dojú kọ àríwá, orúkọ yí padà sí 36. R ni ọ̀tún, L ni òsì. Tí o bá dojú kọ gúúsù, ìwọ̀ oòrùn ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ. Ìyẹn ni pé 18R, èyí tó gùn jù, ló wà lápá ọ̀dọ̀ àwa ará Alímọ̀ṣọ́.

10/ Àwọn ọ̀nà tó so rọ́nwéè mọ́ ibi tí èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń pè ní tásíwéè. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pè wọ́n: Alpha, Bravo, Charlie. Lórí tásíwéè, bàálù ń rìn bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá. Lórí rọ́nwéè, bàálù tó fẹ́ gbéra lè máa sá ju kìlómítà 250 lọ ní wákàtí kan. Kò lè tẹ bíréèkì kó dúró lójú ẹsẹ̀ nítorí pé o bọ́ sí i lójú ọ̀nà.

11/ Nítorí náà, ibi tí tásíwéè ti pàdé rọ́nwéè ni ibi tó léwu jù lórí ilẹ̀. Báwo ni páílọ́ọ̀tì ṣe ń mọ̀ pé òun ti débẹ̀? Ẹ mọ àwọ̀ danfó: yẹ́lò àti dúdú. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe pátákó tásíwéè káàkiri ayé. Pátákó dúdú tó ní lẹ́tà yẹ́lò ń sọ ibi tí o wà. Pátákó yẹ́lò tó ní lẹ́tà dúdú ń sọ ibi tí ọ̀nà yà sí.

12/ Ṣùgbọ́n tí o bá rí pátákó pupa tó ní nọ́ńbà funfun, rọ́nwéè ló wà níwájú ẹ yẹn. Ìlà yẹ́lò mẹ́rin tún wà nílẹ̀ níbẹ̀: méjì ò gé rárá, méjì gé kéékèèké. Tó bá jẹ́ èyí tí ò gé lo kọ́kọ́ bá, o ò gbọdọ̀ kọjá láìgba àṣẹ. Tó bá jẹ́ èyí tó gé lo kọ́kọ́ bá, inú rọ́nwéè lo ti ń bọ̀ nìyẹn. Jáde kíá.

13/ Àṣẹ yẹn ńkọ́? Orí rédíò ló ti ń wá. Olùdarí tó wà nínú ilé ìṣọ́ á pe orúkọ bàálù, á sọ ibi tó ń lọ, á ka lẹ́tà àwọn tásíwéè tó máa gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, á wá sọ ibi tó ti gbọ́dọ̀ dúró: "Hold short of runway 18 Left." Ìyẹn ni: dúró kí o tó dé rọ́nwéè 18 òsì, má jẹ́ kí imú bàálù ẹ kọjá ìlà yẹn.

14/ Páílọ́ọ̀tì ò gbọdọ̀ kàn ní "mo ti gbọ́." Ó gbọ́dọ̀ tún un sọ padà: nọ́ńbà rọ́nwéè, pé òun máa dúró, àti orúkọ bàálù ẹ̀. Olùdarí á tẹ́tí sí i. Tó bá ṣì í sọ, wọ́n á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Tí àyè bá wá ṣí, olùdarí á sọ ọ́ kedere pé kó kọjá rọ́nwéè báyìí báyìí. Páílọ́ọ̀tì á tún sọ ìyẹn náà padà kó tó ṣí ẹsẹ̀.

15/ Ẹ wò ó bíi danfó. O sọ fún kọ́ńdọ̀ pé Council lo ti máa bọ́ọ́lẹ̀. Kọ́ńdọ̀ tó gbọ́n á pariwo: "Council wà o!" Ìwọ gbọ́, dírẹ́bà gbọ́, ọkàn ẹ balẹ̀. Èyí tó kàn mi orí ńkọ́? Ìwọ náà mọ̀ pé Ìkòtún lo máa bá ara ẹ.

16/ Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí láti ilẹ̀. Ní ọdún 1929, ní St. Louis l'Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Archie League máa ń ti bárò lọ sí pápá tí bàálù ń balẹ̀ sí. Ohun tó wà nínú bárò náà ni àga, agboòrùn, oúnjẹ ọ̀sán àti àsíá. Tó bá na àsíá pupa, dúró. Tó bá na èyí tó ní àpótí-àpótí bíi pátákó dírààfù, máa lọ. Òun ni wọ́n kà sí ọ̀kan lára àwọn olùdarí bàálù àkọ́kọ́.

17/ Lẹ́yìn àsíá, iná dé. Iná yẹn ò tíì kógbá sílé o. Títí dòní, tí rédíò bàálù bá kú, ilé ìṣọ́ á tan iná sí i. Pupa tí kò ṣẹ́jú: dúró. Àwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú: o lè máa rìn lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn iná ni rédíò wá gbòde.

18/ Rédíò dára ju àsíá lọ, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú rédíò, ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo ẹ̀mí rọ̀ mọ́. Àwọn àgbà sì ti sọ fún wa pé ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọjọ́ tó fọ́ jù láyé ni ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 1977.

19/ Ibẹ̀ ni erékùṣù Tenerife, tí Sípéènì ń ṣàkóso, nínú òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Bọ́ǹbù ti bú ní pápákọ̀ erékùṣù kejì, Gran Canaria, lọ́jọ́ náà, wọ́n wá darí bàálù lóríṣiríṣi lọ sí Los Rodeos, pápákọ̀ kékeré kan ní Tenerife. Bàálù kún ibẹ̀ débi pé wọ́n dí tásíwéè. Bàálù tó bá fẹ́ gbéra, àárín rọ́nwéè gan-an ló máa gbà dé ìparí ẹ̀, kó tó yí padà.

20/ Méjì nínú wọn jẹ́ Boeing 747, bàálù ràgàjì. Ọ̀kan jẹ́ ti KLM, láti Netherlands. Èkejì jẹ́ ti Pan Am, láti Amẹ́ríkà. KLM rìn lọ dé òpin rọ́nwéè, ó yí padà, ó dojú kọ ibi tó ti wá. Pan Am ń bọ̀ lórí rọ́nwéè kan náà. Wọ́n ti sọ fún un pé kó yà kúrò ní ọ̀nà kẹta lọ́wọ́ òsì.

21/ Kùrukùru wá bo gbogbo ilẹ̀. Ilé ìṣọ́ ò rí bàálù kankan. Àwọn bàálù ò rí ara wọn. Kò sí rádà tó ń wo ilẹ̀ ní pápákọ̀ yẹn. Ohùn orí rédíò nìkan ló kù. Pan Am sì ti kọjá ọ̀nà kẹta láìyà, ó ń wá ọ̀nà kẹrin lọ.

22/ Olùdarí ka ọ̀nà tí KLM máa tọ̀ tó bá ti wà lókè fún un. Kì í ṣe àṣẹ láti gbéra. Igbákejì páílọ́ọ̀tì tún un sọ padà, ó wá fi gbólóhùn kan kún un. Gbólóhùn yẹn lè jẹ́ "a ti wà níbi tí a ti máa gbéra." Ó sì tún lè jẹ́ "a ti ń gbéra báyìí." Olùdarí dáhùn: "OK."

23/ Ẹ wo "OK" yẹn dáadáa. Lọ́jà Ìkòtún, tí o bá ná tòmátò tán, tí o ní "ó dáa," ṣé o ti rà á ni àbí o ti ń lọ? Ìyá onítòmátò ò mọ̀. Lọ́jà, àṣìṣe yẹn ò kọjá èébú.

24/ Olùdarí ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó fi kún un pé kí KLM dúró ná, òun á pè é. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn kan náà, Pan Am sọ lórí rédíò pé àwọn ṣì wà lórí rọ́nwéè. Ohùn méjì kọlu ara wọn lórí rédíò, ó wá ń han létí àwọn KLM. Ọ̀rọ̀ tó lè gba gbogbo wọn là ló wọnú ariwo yẹn lọ. "OK" nìkan ló dé etí wọn kedere.

25/ Ẹnjiníà tó wà nínú KLM fura. Ó béèrè pé ṣé bàálù Pan Am yẹn ò wá tíì kúrò lọ́nà ni? Kápútéènì dá a lóhùn pé ó ti kúrò. Kápútéènì yìí kì í ṣe ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́, ó wà lára àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn páílọ́ọ̀tì KLM yòókù. Ẹnjiníà dákẹ́. Wọ́n ń sáré lọ.

26/ Èèyàn 583 ló kú. Gbogbo èèyàn 248 tó wà nínú KLM. 335 nínú Pan Am. 61 péré ló yè. Kò tíì sí jàǹbá bàálù mìíràn tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀, orí rọ́nwéè ló ti ṣẹlẹ̀ o, kì í ṣe lókè níbi tí gbogbo wa ti máa ń gbàdúrà.

27/ Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: wọ́n fi òfin de ọ̀rọ̀ kan. Láti ìgbà yẹn, "take-off" kì í jáde lẹ́nu olùdarí tàbí páílọ́ọ̀tì lórí rédíò àfi tí wọ́n bá ń fúnni láṣẹ láti gbéra gan-an, tàbí tí wọ́n bá ń gba àṣẹ yẹn padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, "departure" ni wọ́n máa sọ.

28/ Ẹ̀kọ́ kejì: "OK" ò tó. Àṣẹ láti wọ rọ́nwéè, láti kọjá ẹ̀, láti dúró síwájú ẹ̀, láti gbéra, láti balẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ sọ padà lẹ́nu ara ẹ̀.

29/ Ẹ̀kọ́ kẹta ló wọ̀ mí lára jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù pé kékeré gbọ́dọ̀ lè dá ọ̀gá dúró, kí ọ̀gá náà sì gbọ́. Àwa la ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: níléeṣẹ́ wa, nílé wa, mélòó nínú wa ló lè béèrè lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ọ̀gá tó ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan?

30/ Ṣé ó wá parí síbẹ̀? Rárá. Ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 2001, ní pápákọ̀ Linate, nílùú Milan, Ítálì. Kùrukùru tún ni. Wọ́n ní kí bàálù kékeré kan gba tásíwéè R5. Ó gba R6. Ẹ wò ó, nọ́ńbà kan ṣoṣo. R6 gbé e lọ sórí rọ́nwéè tí bàálù SAS ti ń sáré gbéra bọ̀. Èèyàn 118 ló kú, mẹ́rin nínú wọn ò sí nínú bàálù kankan, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe nílẹ̀.

31/ Rádà tó yẹ kó máa wo ilẹ̀ ní Linate ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti gbé ti àtijọ́ kúrò, tuntun ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbé Nàìjíríà, ẹ mọ irú ìtàn yẹn dáadáa.

32/ L'Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí olùdarí bá ti ní kí bàálù lọ sí rọ́nwéè báyìí, ó ti gbàṣẹ láti kọjá gbogbo rọ́nwéè tó wà lójú ọ̀nà ẹ̀ nìyẹn, àyàfi tí wọ́n bá ní kó dúró. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, wọ́n fòpin sí i. Rọ́nwéè kọ̀ọ̀kan, àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Tí wọn ò bá dárúkọ ẹ̀, má kọjá.

33/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ẹ rántí ọjọ́ 2, oṣù Kìíní, ọdún 2024. Pápákọ̀ Haneda, ní Tokyo. Ilẹ̀ ti mì tìtì ní agbègbè Noto lọ́jọ́ tó ṣáájú, bàálù àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Japan sì fẹ́ gbé ẹrù ìrànwọ́ lọ síbẹ̀. Olùdarí sọ fún wọn pé àwọn ni "number one," kí wọ́n lọ dúró ní C5.

34/ "Number one" túmọ̀ sí pé ìwọ lo kàn. Kò túmọ̀ sí pé kí o wọlé. Tí o bá wà lórí ìlà ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí wọ́n ní ìwọ lo kàn, ṣé wàá kó sínú danfó tí kò tíì dúró? Ṣùgbọ́n kápútéènì yẹn rò pé wọ́n ti fún òun láṣẹ. Ó wọ rọ́nwéè, ó dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40.

35/ Bàálù Japan Airlines tó gbé èèyàn 379 balẹ̀ lé e lórí. Iná sọ. Gbogbo èèyàn 379 yẹn ló jáde láàyè, torí pé wọ́n fi ẹrù wọn sílẹ̀, wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù wí. Nínú àwọn mẹ́fà tó ń gbé ìrànwọ́ lọ, márùn-ún kú. Lẹ́yìn ẹ̀, Japan ní kí wọ́n má lo "number one" mọ́ fúngbà kan ná. Ẹ ò rí i, ọdún 47 lẹ́yìn Tenerife, ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni.

36/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní: "Ìyẹn ilẹ̀ òyìnbó. Àwa ńkọ́?" Ẹ jẹ́ ká padà s'Íkẹjà. Rọ́nwéè 18L, tí àwọn bàálù abẹ́lé ń lò, wà fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ láìní iná. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á tì í. Gbogbo bàálù á di ti 18R.

37/ Ohun tó túmọ̀ sí nìyí: bàálù tó bá dé lálẹ́ láti Àbújá tàbí Port Harcourt á balẹ̀ sí 18R, á wá fi ilẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn kó tó dé ibi tí èrò abẹ́lé ti ń sọ̀ kalẹ̀. Epo ń jó, àkókò ń lọ, èrò ń bú páílọ́ọ̀tì. Ìrìn gígùn yẹn náà ló ń mú àṣẹ pọ̀ sí i: yà síbí, dúró síbẹ̀. Bí àṣẹ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè fọ́ ṣe pọ̀ tó.

38/ Oṣù Keje ọdún 2022 ni wọ́n tó ti 18L pa láti fi iná sí i. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti ní iná. Nígbà tí ìròyìn yẹn jáde, mo rí àwọn tó ń kọ ọ́ pé "iná lásán lẹ ń ṣàjọyọ̀ ẹ̀?" Mo fẹ́ dáhùn. Mo rántí fídíò mi, mo pa ẹnu mi mọ́.

39/ Kì í sì í ṣe bàálù nìkan ló ń wọ rọ́nwéè. Ní oṣù Keje ọdún 2005, bàálù Air France kan balẹ̀ sáàárín agbo màlúù ní Port Harcourt. Ó pa nínú wọn. A dúpẹ́ pé èèyàn ò kú. Màlúù ò gbédè rédíò. Ògiri àti ẹ̀ṣọ́ ló yẹ kó bá a sọ̀rọ̀.

40/ Ọjọ́ 19, oṣù Keje, ọdún 2019, oṣù márùn-ún péré ṣáájú fídíò tèmi. Bàálù kan tó ń lọ sí Port Harcourt ti fẹ́ gbéra ní Ìkẹjà níbí. Ọkùnrin kan jáde wá, ó gun ara bàálù náà, ó ń rìn lórí ìyẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín wo fídíò yẹn. Páílọ́ọ̀tì rí i, ó pa ẹ́ńjìnnì. Èrò ń pariwo nínú bàálù kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ká ní páílọ́ọ̀tì yẹn ń kánjú ńkọ́?

41/ Àwọn tó ń sọ "dúró" àti "kọjá" fún wọn ní Nàìjíríà jẹ́ òṣìṣẹ́ NAMA. Zaria ni wọ́n ti ń kọ́ púpọ̀ nínú wọn níṣẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ bàálù ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ẹ ò lè rí wọn, èrò kì í pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ohùn ni wọ́n. Tí iṣẹ́ wọn bá dára, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́.

42/ Ẹ jẹ́ kí n fi ti orí ilẹ̀ kún un, torí pé ìyẹn súnmọ́ wa jù. Ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 2023, bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó láti Ìsọlọ̀ lọ sí Aláùsá bọ́ sójú irin ní PWD, lápá Ṣógúnlẹ̀, nígbà tí rélùwéè ń bọ̀. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́fà kú. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni. Àwọn tó jí, tí wọ́n múra, tí wọ́n sọ pé "ó dìrọ̀lẹ́" fún àwọn ọmọ wọn.

43/ Lọ́jọ́ yẹn ni gbogbo nǹkan tí mo ti ń kà wá yé mi pátá. Rọ́nwéè, ojú irin, oríta Ìkòtún, nǹkan kan náà ni. Ibi tí ọ̀nà ẹ ti pàdé ọ̀nà ẹni tí kò lè dúró, ìwọ lo máa dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí o rò pé wọ́n jí lọ́wọ́ ẹ, ẹlòmíì ló ń fi kọjá láàyè. Ìwọ náà ló ń fi pẹ́ láyé.

44/ A sì gbọ́dọ̀ sọ eléyìí náà: sùúrù èrò nìkan ò tó. Iná gbọ́dọ̀ wà lórí rọ́nwéè. Ògiri ò gbọdọ̀ ya. Rádà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ojú irin gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń dínà nígbà tí rélùwéè bá ń bọ̀. Ẹni tó sọ "dúró" gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa fi ríran. Tí ẹ bá fẹ́ pariwo, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ pariwo sí, ẹ fi páílọ́ọ̀tì sílẹ̀.

45/ Lọ́dún tó kọjá, èmi àti mọ́mì mi tún wọ bàálù wá sí Èkó. A balẹ̀, a rìn, a dúró gbagidi. Ọmọkùnrin kan níwájú wa bẹ̀rẹ̀: "Kí ló tún ṣe páílọ́ọ̀tì yìí báyìí?" Ó ti ń yọ fóònù. Mo ń ronú bí mo ṣe máa dá sí i. Mọ́mì mi ṣáájú mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ léjìká, wọ́n ní: "Ọmọ mi, jẹ́ kó dúró. Ẹnì kan ń kọjá."

46/ Ó wo ìta. A jọ wo ìta. Bàálù kan sáré kọjá, ó gbéra, ó lọ. Ọmọkùnrin yẹn dá fóònù ẹ̀ padà sápò. Òun ni mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn yìí fún, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi rẹ́rìn-ín ní ọdún 2019. Tí bàálù yín bá dúró lọ́jọ́ kan, tí kò sẹ́ni tó sọ ìdí ẹ̀ fún yín, ẹ wo ojú fèrèsé. Ẹ bá mi fi ṣọwọ́ sí ẹni tó máa ń pariwo "ó wà o" nínú bàálù. Ire o.